Fọ́tò Tí A Yà Kí Wọ́n Tó Gé Ọmú Mi

Ìwọ obìnrin tí ò ń fọwọ́ kan kókó kan lára rẹ lójoojúmọ́, tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Mi ò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ bí àyà rẹ ṣe ń já nígbà tí o bá wọ balùwẹ̀ tí o sì ti ilẹ̀kùn. Èmi náà ti dúró níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè di èèyàn mú sójú kan títí ikú yóò fi dé bá a.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D ni mò ń kọ́. Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Pápákọ̀ òfurufú ni òun ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹrù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́ta la ní: Rónkẹ́ tó ti ń lọ síléèwé, Dàpọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Títílayọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìgbà owó epo rọ̀bì ni. Wọ́n ń la títì ńlá gba Ìsọlọ̀ kọjá, eruku pupa kátapílà a sì máa bo gbogbo aṣọ tí a bá sá. Ìjọba ti fi kún owó oṣù, àwọn ará àdúgbò wa ń ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo èèyàn ń sọ pé ayé ti dẹ̀rọ̀. Inú ìdẹ̀rọ̀ yẹn ni kókó náà ti bá mi.

Ọmú ọ̀tún ni. Mò ń wẹ̀ kí n tó lọ síléèwé, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ìka mi sì kan nǹkan líle kan lábẹ́ awọ, ó dà bíi kóró àgbálùmọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dùn mí. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà, ohun tí kò bá ti dun èèyàn, a kì í kà á sí àrùn. Mo ní wàrà tó ṣẹ́kù ló dì, nígbà tó jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo fi tówẹ̀lì gbígbóná jó o, mo fi àdí pa á. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kókó náà wà níbẹ̀, ó sì ń tóbi. Nígbà tó yá, awọ tó bò ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn, orí ọmú náà sì ń wọnú lọ.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Àǹtí Dúpẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, olùkọ́ àgbà tí kíláàsì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, àwa méjèèjì nìkan la kù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí."

Wọ́n fọwọ́ kàn án lórí aṣọ, ojú wọn sì yí padà.

"Ọ̀la, ọsibítù. Èmi á mójú tó kíláàsì rẹ."

"Àǹtí, bóyá kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò tán ná."

"Ìyá Rónkẹ́, mo ní ọ̀la."

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí mo sọdá réèlù ní Òṣòdì lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Bọ́ládé. Síbẹ̀, kí n tó dé ọsibítù ìjọba náà, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn mìíràn ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ jókòó. Nọ́ọ̀sì kan á jáde, á kígbe orúkọ, ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn á gbójú sókè, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dìde. Oòrùn kúrò lára ògiri kan, ó bọ́ sórí èkejì. Obìnrin tó jókòó tì mí da ìborùn bo àyà rẹ̀. Ó kun páúdà púpọ̀, ṣùgbọ́n páúdà náà kò borí òórùn tó ń jáde lára rẹ̀.

Ó rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọmú ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Tèmi ti pẹ́. Wọ́n ní tí irin bá kàn án, inú á bí i. Mo lẹ ewé mọ́ ọn, mo mu àgbo, mo gbààwẹ̀. Ìgbà tó bẹ́ ni mo tó wá. Ìyàwó, jọ̀ọ́, má ṣe bíi tèmi."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n pe orúkọ mi. Mi ò tún rí i mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bá mi délé.

Dókítà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹ ọmú, ó tẹ abíyá mi, ó gé díẹ̀ lára kókó náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n padà wá gbọ́ èsì. Láàárín ìgbà yẹn, oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu mi mọ́. Màá wà níwájú kíláàsì, màá máa dá orin fún àwọn ọmọ, ẹnu mi á máa kọrin, inú mi á máa sọ pé, "O máa kú. O máa kú, ọmọ mẹ́ta á wà nílẹ̀."

Nígbà náà ni mo tó sọ fún ọkọ mi, òun náà sì tẹ̀ lé mi lọ gbọ́ èsì. Dókítà wo àwa méjèèjì, ó ní, "Jẹjẹrẹ ni. Kò tíì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n a ní láti gé ọmú náà kúrò." Ọkọ mi bi í bóyá oògùn kan wà tí a lè lò dípò. Dókítà ní kò sí. Ó dá ọjọ́ tí mo máa wá gba bẹ́ẹ̀dì fún wa. Bí a ṣe jáde, ọkọ mi ń lọ níwájú mi bí ẹni tó ti gbàgbé pé èmi la tìtorí mi wá.

Ọ̀rọ̀ bí èyí kì í pẹ́ délé. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dé láti Èkìtì pẹ̀lú kèrègbè àgbo àti ewé tí wọ́n ti gún. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ pé, "A ò gbọ́ ọ rí nínú ìdílé wa pé wọ́n gé obìnrin lọ́mú. Ṣé ẹran ni?" Àbúrò ọkọ mi náà dé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó ní wòlíì wọn ti ríran pé ẹnì kan níléèwé wa ló ń bá mi jà, kí n wá máa gbé nínú ọgbà ìjọ, kí n má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn mí. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún mi nínú wọn. Ẹ̀rù ló ń ba kálukú, kálukú sì ń sá gba ibi tó mọ̀.

Mo mu àgbo náà, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ ewé gígún mọ́ ọmú náà, ó jó mi bí ata, awọ ibẹ̀ bó. Mo fi omi ṣàn án, mo ń sunkún, Màmá náà ń sunkún. Mi ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń ka èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ nǹkan kan mọ́ kókó rẹ.

Ọkọ mi kò sọ pé ká lọ, kò sọ pé ká má lọ. "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná" ni ó máa ń wí. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nígbà yẹn, gbólóhùn yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Inú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni èrò fọ́tò wọ̀ mí lọ́kàn. Mi ò tíì tó Dàpọ̀ nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Wọn ò ya fọ́tò rí. Tí o bá ní kí n sọ bí ojú wọn ṣe rí, òórùn àdí àti ọwọ́ kan tó ń di irun mi ni mo lè rántí. Mo wá ń wo Títílayọ̀ bó ṣe ń ṣeré nílẹ̀, mo sì rí i pé tí mo bá kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, òun kò ní rántí ọwọ́ pàápàá. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní pẹ̀lú àwọn ọmọ, inú sítúdíò la ti yà á. Mo le gbagidi bí òpó, Rónkẹ́ ń sunkún, Dàpọ̀ di ojú nítorí iná. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ mí. Mo fẹ́ ká ya òmíràn níta gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí ara ti rọ àwọn ọmọ, tí èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un. Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo wa ya fọ́tò kó tó di ọjọ́ ọsibítù. Níta, lábẹ́ igi, pẹ̀lú àwọn ọmọ."

Ó ti abọ́ sẹ́yìn. "Èyí tí wọ́n máa gbé síwájú pósí, àbí èwo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní ya fọ́tò ìdágbére. Ẹni tó bá ń dágbére ló ń lọ."

"Tí mo bá yè, a ó jọ máa wò ó rẹ́rìn-ín. Tí mi ò bá yè, àwọn ọmọ yìí á mọ ojú ìyá wọn."

Ó dìde, ó jáde láì fọwọ́. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí Rónkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, "Mọ́mì, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Mi ò lọ síbì kankan." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí irọ́.

Mo lọ bá Bọ̀dá Láńre ní Bọ́ládé. Ayàwòrán ni, òun ló ya fọ́tò tí Rónkẹ́ ti ń sunkún yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó gbé kámẹ́rà tó ń nù sílẹ̀, ó fa àga fún mi, a sì jọ jókòó ṣètò rẹ̀ bí ẹni ń ṣètò ìgbéyàwó. Ó ní kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí kò ní máa wọ àwọn ọmọ lójú. Mo ní wọ́n á ti jẹun, wọ́n á sì ti sùn lọ́sàn-án, nítorí ọmọ tí oorun ń kùn kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ká lo pápá iléèwé wa, nídìí igi fúrúùtù tí àwọn ọmọ máa ń fọ́ kóró rẹ̀ jẹ, nítorí Rónkẹ́ àti Dàpọ̀ mọ ibẹ̀ bí ilé. Ó ní kí n má wọ aṣọ tuntun fún wọn, kí n má wọ bàtà fún wọn rárá, kí n mú bọ́ọ̀lù wọn dání. Òun á tètè dé, òun ò sì ní yọ kámẹ́rà jáde àyàfi tí Títílayọ̀ bá ti gbàgbé pé òun wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a bá ní kó rẹ́rìn-ín, eyín lásán ló máa ṣí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, mi ò rántí kókó náà. Ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹ̀rù náà dúró dè mí sí.

Láàárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run ṣú. Ọkọ mi ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Màmá yọ léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ síta fún àwọn ọmọ, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé a ò ní aṣọ ni?" Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí àwọn ọmọ wọ aṣọ ilé wọn tó ti rọ̀. Òjò kò rọ̀. Nígbà tí a dé pápá, Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lọ́tọ̀, wọ́n kẹ́yìn sí wa. Wọ́n ní àwọn ọmọ làwọn bá wá, kì í ṣe fọ́tò.

Bí Títílayọ̀ ṣe rí Bọ̀dá Láńre ló figbe ta. Ọkùnrin náà kò wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa fúrúùtù tó jábọ́, ó ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́. Dàpọ̀ ti gbàgbé bọ́ọ̀lù, alángbá ló ń lé káàkiri pápá. Rónkẹ́ nìkan ni wàhálà tó kù. Ó di ìró mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Rónkẹ́, lọ bá wọn ṣeré."

"Rárá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ wà."

Ni mo bá ní kó jẹ́ ká ṣe eré tẹ́n-tẹ́n. Mo ká ìró mi sókè, à ń pàtẹ́wọ́, à ń ju ẹsẹ̀, ó borí mi lẹ́ẹ̀kíní, ó borí mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà ró "ká" lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Dádì!" Dàpọ̀ ló kígbe. Ọkọ mi ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, nínú kakí tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó ti ń wò wá. Ó wá jókòó lórí gbòǹgbò igi náà, èmi náà jókòó tì í. Títílayọ̀ gun ẹsẹ̀ mi, ó sì ti ọwọ́ bọ inú bùbá mi bó ṣe máa ń ṣe kí n tó já a lẹ́nu ọmú. Ọwọ́ rẹ̀ kan báńdéèjì tí mo fi bo ibi tí ewé ti bó mi. Ó dúró. Ó wò mí lójú. Ó wá rọra ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbá ibẹ̀ pẹ́pẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe fún un tó bá ṣubú.

"Pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Pẹ̀lẹ́."

Ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú. Mi ò rí i kó sunkún rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Rónkẹ́ bi í pé, "Dádì, ṣé eruku kó sí yín lójú ni?"

Bọ̀dá Láńre ti gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ó kọjú síbòmíràn. Màmá ló dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n rìn wá, wọ́n dúró níwájú ọmọ wọn, wọ́n wo Títílayọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà mi.

Wọ́n ní, "Akin, nu ojú rẹ. Mú ìyàwó rẹ lọ kí wọ́n gé e. Ọmú kọ́ ni ìyá."

Ọkọ mi ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá Láńre. "Ìwọ náà, kí lò ń wò? Ya èmi náà mọ́ wọn." Wọ́n sì jókòó láàárín wa.

Má rò pé ẹ̀rù lọ lẹ́yìn èyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tábìlì tí wọ́n tẹ́ mi sí tutù bí omi kànga, iná ńlá kan dojú kọ mí láti òkè, eyín mi sì ń gbá ara wọn débi pé nọ́ọ̀sì di àgbọ̀n mi mú. Mo pe orúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rántí bóyá mo pe ti Títílayọ̀ dé ìparí.

Nígbà tí mo jí, ọ̀fun mi gbẹ bí èèpo igi. Mo fẹ́ fọwọ́ ọ̀tún kan àyà mi, apá náà kọ̀ láti gbéra. Mo sunkún nítorí ọmú tó lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún gan-an, bí ẹni pé èèyàn ló kú. Ọkọ mi ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àbúrò rẹ̀ tó ń sọ ti wòlíì, òun náà na apá tirẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn fọ́tò náà wá bá mi. Nínú ọ̀kan, alángbá ni a rí kedere, ẹsẹ̀ Dàpọ̀ nìkan ló wọlé. Nínú òmíràn, Rónkẹ́ la ẹnu rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kò sí níbẹ̀, èmi náà sì yọ ẹsẹ̀ kan sókè bí ọmọdé. Mo wo ojú ara mi títí. Ẹ̀rù wà nínú ojú yẹn, ẹni tó bá mọ̀ mí máa rí i. Ẹ̀rín náà sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti eyín lásán.

Ọdún mélòó kan ti kọjá báyìí. Màmá ti padà sí Èkìtì. Apá ọ̀tún mi máa ń wú tí mo bá kọ̀wé sójú pátákó pẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátákó ni mò ń kọ sí, àwọn ọmọ sì rò pé nítorí tiwọn ni. Mi ò lè gún iyán mọ́. Mo rán kùṣọ́ǹ kékeré kan tí mò ń fi dí àyè ọmú ọ̀tún nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, dókítà kò sì sọ fún mi rí pé ó ti tán pátápátá. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí nǹkan kan, kí n ṣáà máa bọ̀. Tí ẹ̀yìn bá ro mí, tí mo bá wúkọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyà mi á já pé ó ti padà dé. Báyìí ni mo ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n mò ń gbé.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan ládùúgbò wa, Ìyá Káyọ̀dé, wá sílé mi. Ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó ní òun gbọ́ pé nǹkan kan ṣe mí nígbà kan. Mo ní, "Níbo ni tìrẹ wà?" Ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Ó ní kò dun òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ dúró ní Bọ́ládé. Bọ́ọ̀sì dé, èrò ń wọlé, obìnrin náà fà sẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jọ wọ bọ́ọ̀sì.